Ọmọ ajá Lásà dé ilé yín: ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní títí yóò fi lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òde

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo gbé ọmọ ajá mi àkọ́kọ́ délé ló kú. Kókó la sọ ọ́. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 6 ni, irun rẹ̀ funfun bí òwú, mo sì lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo gbé e. Ẹni tó tà á fún wa kó káàdì kan lé mi lọ́wọ́ tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí, ó ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti pé. Mo gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ keje, Kókó kò jẹun àárọ̀. Kó tó di alẹ́, ó ti ń bì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo pálọ̀. Dókítà ẹran sa gbogbo ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Dúdú tó wà nílé wa báyìí ti pé ọmọ ọdún 6, ara rẹ̀ sì le koko. Kì í ṣe pé orí Dúdú sàn ju ti Kókó lọ. Ohun tí èmi mọ̀ ló pọ̀ sí i, òun ni mo sì fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ajá lókà, ajá ilẹ̀ wa, la bá nílé bàbá wa. Abẹ́ igi máńgòrò ló ń sùn, àjẹkù àmàlà ni oúnjẹ rẹ̀, ó ń bímọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, kò sì sí ẹni tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà rí. Ojú yẹn náà la fi ń wo Lásà, ajá kékeré onírun púpọ̀, a sì máa ń rò pé ajá kan náà ni, pé kíkéré lásán ló kéré. Kíkéré yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ kéré, ebi sì lè pa á títí á fi dákú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kéré, eégbọn ogún lè fà á gbẹ. Egungun rẹ̀ kò ju igi ìṣáná mélòó kan lọ. Ìwọ̀n òògùn tí ajá ńlá yóò gbé mì tí kò ní mọ̀ pé òun lo nǹkan, ó lè pa á. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ.

Ọ̀rọ̀ Lhasa Apso, tí gbogbo wa ń pè ní Lásà, ni mo ń sọ, torí ó wà lára àwọn ajá kékeré tó wọ́pọ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn. Ilẹ̀ Tìbẹ́ẹ̀tì ní Éṣíà ló ti wá. Ìlú Lhasa tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 3,600, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìdí sì nìyẹn tí irun rẹ̀ fi jẹ́ ìpele méjì. Inú ilé àwọn mọ́ńkì, àwọn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, ló ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ajá tó ń tètè gbọ́ ìró ni. Bó bá dàgbà tán, yóò wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 5 sí 8, ó sì lè lo ọdún 12 sí 15 láyé. Bí tiyín bá jẹ́ irú kékeré mìíràn, ìtọ́jú yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ má gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn tó ń tà á a máa já a lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6, torí ìgbà yẹn ló rẹwà jù lójú oníbàárà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n gé kúrò yẹn ló yẹ kó fi bá àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ṣeré, kó mọ ìwọ̀n tí eyín lè dé kí ó tó di ìbùjẹ, kí inú rẹ̀ sì mọ oúnjẹ dáadáa.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá rẹ̀ hàn yín. Ẹni tó bá ní ìyá wà lábúlé, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọmọ ajá náà sílẹ̀ kí ẹ wò ó bó ṣe ń rìn. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè: èrìgì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kì í ṣe kó funfun. Ẹ gbé ìrù rẹ̀: ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kó mọ́. Bí inú rẹ̀ bá yọ bọ̀ǹbọ̀ bí bàlúùnù nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rù, aràn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe sísanra. Ẹ fi ìka tẹ ìdodo rẹ̀. Bí ohun rírọ̀ kékeré bá yọ níbẹ̀, ẹ fi han dókítà, ó wọ́pọ̀ lára wọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ewu.

Ní ti káàdì, èyí tó tàn mí jẹ: òǹtẹ̀ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Orí ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára ni dókítà ti máa ń bó bébà kékeré tó ní nọ́ńbà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì, á kọ ọjọ́, á sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí bébà yẹn, ẹ kà á sí pé kò gba abẹ́rẹ́ kankan, kí dókítà yín bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó tà á: oúnjẹ tó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, kìlógíráàmù kan tó, àti aṣọ kan tí wọ́n ti fi nu ara ìyá rẹ̀. Ẹ máa rí ìwúlò méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ rá kòrò yí ilé ká

Èmi fi orúnkún rìn káàkiri pálọ̀ wa kí Dúdú tó dé, àwọn ọmọ mi ń wò mí. Láti ìsàlẹ̀ yẹn ni mo ti rí wáyà ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n tí ara rẹ̀ ti bó lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kọ́ìlì ẹ̀fọn lábẹ́ àga, àti ògbólógbòó búrẹ́dì tí a fi májèlé eku sí lẹ́yìn fíríìjì, tí èmi fúnra mi ti gbàgbé.

Gbogbo májèlé eku, òtapiapia àti òògùn ẹ̀fọn olómi gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ tì í mọ́ ibi gíga. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti fín ilé, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fọ ilẹ̀, kí ẹ tó gbé ajá wọlé, torí ohun tó bá wà lórí táìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa kó o, ahọ́n rẹ̀ ló sì máa lá a. Òògùn orí fífọ́ tiwa kì í ṣe tirẹ̀: parasítámọ̀ àti ibuprofen lè pa á. Ẹ wo ẹsẹ̀ géètì àti irin báńkónì, bí orí rẹ̀ bá lè kọjá níbẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ lè kọjá. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, kò gbọdọ̀ sùn nítòsí rẹ̀, èéfín rẹ̀ kì í fi àmì hàn.

Ẹ wá yan igun kan fún un, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí oòrùn kò ń jó, tí èrò kì í gba ibẹ̀ kọjá. Páálí tó tóbi tó, tàbí kéèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ogbó méjì, ti tó. Àwo oúnjẹ àti ti omi kò gbọdọ̀ jìn, kí ó má baà ga ju àyà rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ọjọ́ kìíní àti òru kìíní

Àárọ̀ ni kí ẹ gbé e wálé, kó lè fi ọ̀sán mọ ilé. Ẹ má pe aládùúgbò wá wò ó. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ gbé e, ṣùgbọ́n ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ti ru ẹrù tó. Ẹ gbé e sílẹ̀ ní igun rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa gbóòórùn káàkiri. Yóò sùn púpọ̀, wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Lóru, yóò ké. Bí ẹ bá tì í mọ́ kíṣìnnì nìkan, yóò ké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìbẹ̀rù yẹn á sì di ti ìgbà gbogbo. Ẹ gbé páálí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ tẹ́ aṣọ tó ní òórùn ìyá rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìgò, kí ẹ fi tówẹ̀lì wé e, kí ẹ gbé e tì í. Bó bá ké, ẹ na ọwọ́ sí i kó gbóòórùn yín. Dúdú ké lóru mẹ́ta, ní òru kẹrin kò ké mọ́. Ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì tiwa ga fún un bí òrùlé, fífò láti orí rẹ̀ sílẹ̀ ti ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ajá kékeré.

Ẹ kọ́ gbogbo ará ilé bí a ṣe ń gbé e: ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, èkejì lábẹ́ ìdí. A kì í fa apá rẹ̀ sókè bí ìgbà tí a ń gbé ọmọ jòjòló, a kì í sì í gbá a lọ́rùn mú.

Ìgbésẹ̀ 4: Oúnjẹ, kó má ṣe jẹ́ pé ebi ló pa á

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Dúdú ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé wa. A bù oúnjẹ fún un ní aago mẹ́fà àárọ̀, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìkórè ni, a kò padà dé títí aago méjì fi lù. Bí a ṣe ṣílẹ̀kùn, kò sáré wá pàdé wa. Ó dùbúlẹ̀ sórí táìlì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò ríran, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, nígbà tó sì gbìyànjú láti dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mutí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo rò pé ti Kókó ló tún dé. Dókítà wa bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù: "Mọ́mì, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ ní oyin nílé? Ẹ fi ìka bù ú, kí ẹ fi pa èrìgì rẹ̀. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu o." Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Dúdú gbé orí sókè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ọmọ ajá kékeré kò ní ọ̀rá tàbí ẹran ara tó lè fi pamọ́ dè ìgbà ebi. Ọmọ ajá ńlá lè fo oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kó sì máa ṣeré lọ, tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òtútù, eré àṣejù, aràn àti ìdààmú ọkàn ilé tuntun náà máa ń fà á. Nítorí náà, ẹ ní oyin tàbí gúlúkóòsì nílé láti ọjọ́ kìíní. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi pa èrìgì rẹ̀, ẹ fi aṣọ wé e kó móoru, bó bá sì ti lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní oúnjẹ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kó lè wá ohun tó fà á. Bó bá ti dákú pátápátá, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, yóò gba ọ̀nà èémí lọ. Èrìgì nìkan ni kí ẹ fi oyin pa, kí ẹ sì gbéra.

Kó má baà rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni kó máa jẹun títí yóò fi pé oṣù 3: aago mẹ́fà àárọ̀, mọ́kànlá, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti mẹ́sàn-án alẹ́, kó má baà fi ebi sùn. Láti oṣù 3 sí 6, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì. Bí gbogbo yín bá ń lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ wá ẹni tí yóò máa wọlé bù oúnjẹ fún un lọ́sàn-án, tàbí kí ẹ sún ọ̀rọ̀ ajá síwájú títí ẹ ó fi rí ẹni náà.

Kí ni yóò jẹ? Oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá irú kékeré ló rọrùn jù, torí ohun gbogbo ti pé nínú rẹ̀, hóró rẹ̀ sì kéré fún ẹnu rẹ̀. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ títí yóò fi pé oṣù 3. Ẹ ra èyí tí wọn kò tíì já. Mo mọ̀ pé wíwọ̀n ló pọ̀ lọ́jà, kóńgò tàbí kìlò, kò sì wọ́n bí odindi àpò, ṣùgbọ́n àpò tó ti ṣí sílẹ̀ nínú ooru ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀rá inú rẹ̀ á ti kan, ó sì lè ti bu. Oúnjẹ tí ẹ gbà wá láti ilé tó ti wá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, ẹ máa fi tuntun pò ó: ìdá mẹ́rin kan tuntun fún ọjọ́ méjì, ìdajì fún ọjọ́ méjì, ìdá mẹ́rin mẹ́ta fún ọjọ́ méjì, kó tó di tuntun látòkèdélẹ̀. Ẹni tó bá yí i lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fọ̀.

Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ ilé lẹ fẹ́ fún un, ìrẹsì rírọ̀, adìẹ tàbí ẹja tí a yọ egungun rẹ̀ kúrò pátápátá, ẹyin sísè, kárọ́ọ̀tì. Kò gbọdọ̀ sí ata, iyọ̀ tàbí magí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran àti ìrẹsì nìkan kò ní èròjà tí egungun fi ń le tó, nítorí náà ẹ bá dókítà sọ ọ́ kí ó fún yín ní ohun tí ẹ ó máa pò mọ́ ọn. Ẹ̀bà àti àmàlà ń yó o lásán ni.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ dé ẹnu rẹ̀ láéláé: àlùbọ́sà àti aáyù, tútù tàbí sísè, torí wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ṣokoléètì, èso àjàrà tútù àti gbígbẹ, ọtí, ṣingọ́ọ̀mù tó ní xylitol (ohun adùn kan tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà), egungun adìẹ sísè, tó máa ń fọ́ sí ṣóńṣó tí í gún ìfun. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ọjọ́ ọdún ní àlùbọ́sà nínú, ẹ sọ fún àlejò. Mílíìkì àgolo tí a rò pé ó ń ṣe é lóore, inú ni ó ń ṣí fún un. Omi ló yẹ ẹ́, omi tó mọ́, tí ẹ̀ ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kíṣìnnì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ajá tí ìwọ̀n rẹ̀ kò lọ sókè ní ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń ṣeré.

Ìgbésẹ̀ 5: Abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti àrùn tí a ń pè ní pávò

Pávò ló pa Kókó. Kòkòrò àrùn ni, ọdún 1978 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lára ajá, ó sì ti dé gbogbo ibi tí ajá wà báyìí. Inú ìgbẹ́ ajá tó ní in ló ń gbé, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan láìkú, oòrùn wa kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pa á bí a ṣe rò. Bàtà yín lè gbé e láti ẹ̀gbẹ́ títì wọ pálọ̀. Ìdí nìyẹn tí ajá tí kò jáde rí fi ń ní in, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà títí abẹ́rẹ́ ọmọ ajá yóò fi pé.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Àwọn ènìyàn ń bi mí pé kí ló dé tí abẹ́rẹ́ kan náà fi ń di mẹ́ta, pé ṣé dókítà fẹ́ gbowó ni. Rárá o. Nínú wàrà àkọ́kọ́ tó mu lára ìyá rẹ̀, ó ti gba ààbò díẹ̀. Ààbò yẹn ń dáàbò bò ó, ṣùgbọ́n ó tún ń sọ abẹ́rẹ́ di aláìlágbára. Ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fojú wò ó kó mọ ọjọ́ tí yóò tán lára ọmọ ajá kan. Ti ẹlòmíràn tán ní ọ̀sẹ̀ 8, ti ẹlòmíràn di ọ̀sẹ̀ 14. Nítorí náà, a ń tún un gún títí tí ọ̀kan yóò fi bọ́ sí àsìkò tí ọ̀nà ti ṣí. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni a ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin a tún un gún, títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16 ó kéré tán. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 12. Lẹ́yìn ọdún kan, a tún méjèèjì ṣe.

Ẹ ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó ní fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́. Láàárín ìwọ̀n òtútù dígírì 2 sí 8 (Celsius) ni abẹ́rẹ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ títí dé ara ajá. Ẹ mọ bí iná ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Èmi a máa bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n ń lò nígbà tí iná bá lọ, dókítà tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Abẹ́rẹ́ tí ẹnì kan gbé sínú àpò lórí ọ̀kadà nínú oòrùn, omi lásán ni.

Àmì pávò ni pé ajá kò jẹun, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń bì, lẹ́yìn náà ó ń yàgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀ tó sì ń rùn lọ́nà tí ẹ kò ní gbàgbé. Ẹ má dúró wo ọ̀la. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fún un ní òògùn ìgbẹ́ gbuuru tiwa. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń pa á, inú iṣan ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dá a padà. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà. Yunifásítì Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ti Abẹ́òkúta ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ mọ ọ̀nà ibi tó sún mọ́ yín kó tó di ọjọ́ ìnira, kí nọ́ńbà dókítà sì wà lórí fóònù gbogbo ará ilé.

Bí ajá kan bá ti kú pávò nínú ilé yín, ẹ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ po bílíìsì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n 30, ẹ dà á sílẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó nù ún. Ẹ sun àwọn aṣọ rẹ̀. A dúró fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kí a tó gbé Dúdú wọlé.

Ní ti dìgbòlugi, kì í ṣe nítorí ajá nìkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ajá ló ń kó o ran ènìyàn nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 99 nínú ọgọ́rùn-ún, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó yè é. Ajá yòówù tó bá bu ọmọ yín jẹ, ì báà jẹ́ ojú ọgbẹ́ kékeré, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 6: Aràn, eégbọn, àti ìdin

Òògùn aràn ni a ń fún un lọ́sẹ̀ méjìméjì títí di ọ̀sẹ̀ 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí di oṣù 6. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ni dókítà fi ń wọn òògùn, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Aràn ajá lè ran ọmọdé tó ń fi ọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ jẹ, nítorí náà ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ kíákíá.

Eégbọn ni ọ̀tá tí a ń fojú di jù. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì ń kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ tó kù. Lálaalẹ́, ẹ fi ìka ya irun rẹ̀: inú etí, abẹ́ apá, àárín ọmọ ìka, abẹ́ ìrù. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti wọnú awọ, ẹ fà á tààrà láìyí i, ẹ jù ú sínú sípírítì. Bí èrìgì rẹ̀ bá funfun, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí kòkó mímu tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ sáré lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi òtapiapia, kẹrosíìnì tàbí òògùn ẹ̀fọn wẹ̀ ẹ́. Ajá tí mo mọ̀ pé wọ́n fi bẹ́ẹ̀ pa ju ẹyọ kan lọ. Abẹ́rẹ́ ivermectin tí àwọn tó ń kiri máa ń gún, ti màlúù ni; bí ọwọ́ wọn bá ṣì díẹ̀ lára ajá tí kò tó kìlógíráàmù 2, ó parí.

Àwọn eṣinṣin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń yé sínú iyẹ̀pẹ̀ tí ìtọ̀ ti rin àti sára aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Ìdin wọn á wọ awọ ajá, á wú bí eéwo, ojú ihò kékeré á sì wà lórí rẹ̀. Ẹ máa fọ aṣọ tó ń sùn lé lórí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Bí ìdin bá ti wọlé, kí dókítà yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìgbẹ́ àti ìtọ̀

Ọmọ oṣù méjì lè mú ìtọ̀ mọ́ra fún nǹkan bíi wákàtí méjì, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sí igun kan, tó jìnnà sí ibi tó ti ń jẹun, kó sì jẹ́ ibẹ̀ ni lójoojúmọ́. Ẹ gbé e síbẹ̀ nígbà tó bá jí, lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn eré, kí ó tó sùn, àti lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóru. Bí ẹ bá rí i tó ń yípo, tó ń fimú kan ilẹ̀, ẹ gbé e kíákíá. Nígbà tó bá ṣe é síbẹ̀, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un ní hóró oúnjẹ kan. Ẹ fi ìwé ògbólógbòó tó ní òórùn díẹ̀ sábẹ́ tuntun, òórùn yẹn ni yóò máa fà á padà wá.

Bó bá tọ̀ síbòmíràn, ẹ nù ún. Kíkì orí rẹ̀ bọ inú ìtọ̀, tàbí lílù ú, kò kọ́ ọ ju pé kó fi ara pamọ́ fún yín kó tó tọ̀, ẹ ó sì máa rí i lẹ́yìn àga. Fíníkà àti omi ní ìwọ̀n kan náà ni mo fi ń nu ilẹ̀. Ọṣẹ ilẹ̀ tó ní òórùn amóníà jọ ìtọ̀ létí imú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Irun, ooru, eyín

Ẹ ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Èyí tó bá ta kókó, ẹ fi ìka tú u kí ẹ tó fi òòyà kàn án. Irun iwájú ojú, ẹ so ó tàbí kí ẹ gé e, torí irun máa ń ha ojú Lásà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni ìwẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ṣáńpù ajá, kí ẹ sì nù ún gbẹ títí dé awọ. Ẹ má ti ohunkóhun bọ inú etí rẹ̀.

Ooru oṣù Kẹta le fún ẹni tí irun rẹ̀ wá láti Tìbẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fá a kan awọ, oòrùn á jó o. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí kò lè dìde, ẹ fi omi tútù, kì í ṣe yìnyín, rin ikùn àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà ọyẹ́, ẹ wé e.

Láti oṣù 4, eyín ọmọdé á máa bọ́. Nínú irú kékeré, ti tẹ́lẹ̀ máa ń kọ̀ láti bọ́, méjì á wá dúró sójú kan. Bó bá pé oṣù 6 tí ẹ ṣì rí i bẹ́ẹ̀, dókítà ni yóò yọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 9: Orúkọ, ohùn, àti àwọn ọmọdé

Àwọn bàbá wa a máa fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò: Tanímọ̀la, kí ẹni tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín lè gbọ́ ọ nígbàkígbà tí wọ́n bá pe ajá. Mo fẹ́ràn àṣà yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá tètè ń mọ orúkọ kúkúrú, sílébù méjì, tí gbogbo ilé ń pè lóhùn kan náà. Ẹ pè é nígbà oúnjẹ, nígbà eré, ẹ má pè é wá gba ìbáwí láé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 ni ọkàn rẹ̀ ṣí sí ayé. Ohun tó bá bá pàdé nígbà náà tí kò pa á lára, kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lápá lọ sẹ́nu géètì: kó gbọ́ ọ̀kadà, kó rí ẹni tó wọ hìjáàbù, ẹni tó gbé igbá lórí, bàbá tó fi ọ̀pá rìn. Kó gbọ́ ìró òjò lórí páànù. Ìró banga tí wọ́n ń yìn ní oṣù Kejìlá ń dẹ́rù bà wọ́n jù lọ, ẹ tan rádíò fún un lálẹ́ náà, kí ẹ jókòó tì í.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Òfin mẹ́ta ni mo fún àwọn ọmọ mi: orí ilẹ̀ ni kí ẹ jókòó kí ẹ tó gbé e; bó bá ń jẹun tàbí ń sùn, ẹ fi í sílẹ̀; ẹ máa wo ilẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn.

Ìgbésẹ̀ 10: Ìta

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kan ilẹ̀ ibi tí ajá mìíràn ń gbà. Ọ̀nà ọ̀fun àwọn ajá kékeré kò le, bí ẹ bá so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀ tí ó sì ń fà, yóò máa wúkọ́ bí pẹ́pẹ́yẹ. Okùn tó gba àyà kọjá ni kí ẹ rà. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún un nínú ilé, ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jáde kí oòrùn tó yọ tàbí lẹ́yìn tó bá ti wọ̀, torí ọ̀dà títì tó jó àtẹ́lẹwọ́ yín yóò jó ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Bí ajá lókà bá ń bọ̀, ẹ gbé e sókè láìfi ìpayà hàn.

Ọmọ oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ ni Dúdú nígbà tí mo gbé e sílẹ̀ níwájú géètì wa. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ìrì ṣì wà lórí koríko. Ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wo omi tó wà lára rẹ̀, ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó fimú kan ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí lọ.